Èdè Yorùbá Níta Gbangba: Ìgbafẹ́ àti Eré Ọmọdé Lásìkò Ìsinmi Ooru ní London

Ní ìparí oṣù Keje, àwọn ilé-ìwé ní England máa ń gba ìsinmi tí ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Fún àwọn òbí Yorùbá tí ó ń gbé ní London, ìsinmi yìí ń mú ìṣòro kan wá tí ó yàtọ̀ sí ti owó àti ti àkókò. Nínú ilé, ọmọ ọdún márùn-ún lè máa gbọ́ Yorùbá láti àárọ̀ dé alẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìdílé bá ti jáde, tí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì jókòó ti àjèjì, òbí gan-an ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ yí ohùn padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹni tí ó pàṣẹ fún un. Ọmọ ń wò ó, ó sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò pinnu láti kọ́ ọ: pé abẹ́ òrùlé ni Yorùbá ń gbé, pé kì í báni jáde.

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ìdí tí ìgbafẹ́ ìgbà ooru, àti eré láàárín ìdílé kan sí èkejì, fi jẹ́ ibi tí a ti ń mọ̀ bóyá èdè náà yóò di ẹ̀ṣọ́ tí ọmọ yóò kó ròde, tàbí ohun tí yóò wà nínú àpótí títí tí kò fi ní bá a lára mu mọ́.

Èdè àṣẹ àti èdè àlàyé

Bí ènìyàn bá fetí sí Yorùbá tí ọmọdé ń gbọ́ nínú ilé ní òkè òkun, yóò rí i pé àṣẹ ni púpọ̀ nínú rẹ̀: wá jẹun, wọ bàtà rẹ, fọ ẹnu rẹ, dákẹ́, lọ sùn. Àṣẹ kì í béèrè ọ̀rọ̀ padà. Ọmọ tí ó gbọ́ pé kí òun wọ bàtà yóò wọ bàtà, ọ̀rọ̀ parí. Ó lè lo ọdún mẹ́ta báyìí kí ó gbọ́ èdè náà yéké láìsọ gbólóhùn kan tí ó gún régé.

Ìyàtọ̀ láàárín gbígbọ́ àti sísọ yìí hàn nínú iṣẹ́ tí Annick De Houwer tẹ̀ jáde ní 2007, nípa ìdílé tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000 ní Flanders, ní orílẹ̀-èdè Belgium. Gbogbo àwọn ọmọ tí ó wà nínú ìwádìí náà ni ó ń sọ èdè ìlú tí wọ́n ń gbé. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń sọ èdè kejì tí òbí wọn ń sọ nílé. Èdè ìlú kò nílò alágbàwí. Èdè kejì ni ó nílò ètò. Joshua Fishman, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1991 lórí bí a ṣe lè dá èdè tí ó ń lọ padà, kò sì fi ilé nìkan ṣe ìpìlẹ̀. Ó so ilé, ìdílé àti àdúgbò pọ̀. Èdè tí kò ní àdúgbò yóò máa dín kù nínú ilé pẹ̀lú. Ìgbafẹ́ ni ọ̀nà tí ìdílé tí kò ní àdúgbò Yorùbá lè fi ṣẹ̀dá rẹ̀ fún wákàtí díẹ̀.

Ohun tí ìgboro ń béèrè lẹ́nu ọmọ

Ìgbafẹ́ kò di dandan kí ó jẹ́ olówó gọbọi. Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 11 kì í san owó bọ́ọ̀sì ní London, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgbà ìgbafẹ́ àti mùsíọ́mù ni kì í sì í gba owó ìwọlé. Méjì nínú irú ibi bẹ́ẹ̀ wà ní gúúsù ìlú náà, kò jìnnà sí Peckham tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń gbé.

Àkọ́kọ́ ni Horniman Museum ní Forest Hill, tí ilé rẹ̀ ṣí ní 1901. Ohun tí ó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ ni ẹranko òkun ńlá kan tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní walrus. Àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lórí awọ rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò mọ̀ pé awọ ẹranko náà máa ń hunjọ nígbà tí ó wà láàyè. Wọ́n ń kó nǹkan sínú rẹ̀ ṣáá títí awọ náà fi nà tán. Èkejì ni Crystal Palace Park, níbi tí àwọn ère dáínósọ̀ tí Benjamin Waterhouse Hawkins ṣe ti wà láti 1854. Àwọn onímọ̀ ìgbà náà fi ìwo kan sí orí imú Iguanodon. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ni ó wá hàn pé egungun ṣóńṣó náà kì í ṣe ìwo rárá, àtàǹpàkò rẹ̀ ni.

Ibi méjèèjì yìí dára fún èdè nítorí pé àgbàlagbà ṣe àṣìṣe níbẹ̀, ọmọdé sì fẹ́ràn kí ó mọ ibi tí àgbà ti ṣì í. Kí ló fà á? Kí ni wọn kò mọ̀? Bí ọmọ yóò bá dáhùn, yóò nílò nítorí pé, ṣùgbọ́n àti kí ó tó di pé. Bí òbí bá sì sọ pé, "Ì bá ṣe pé wọ́n ti rí i láàyè rí, wọn kì bá ṣe é bẹ́ẹ̀," ọmọ ti gbọ́ ìhun gbólóhùn kan tí kò sí nínú wọ bàtà rẹ. Nígbà tí òbí bá kúrò lórí àṣẹ tí ó bọ́ sórí àlàyé, èdè náà ń dàgbà pẹ̀lú ọgbọ́n ọmọ.

Ìta náà ni a ti ń rí ohun tí a lè fi kọ́ ọmọ ní àwọn ọ̀rọ̀ tí ìró wọn ń gbé àwòrán nǹkan yọ. Ohun róbótó ńlá ni a ń pè ní rògòdò, kékeré rẹ̀ ni rógódó. Ohùn ìsàlẹ̀ ń tọ́ka sí títóbi, ohùn òkè ń tọ́ka sí kíkéré. Kò sí àlàyé gírámà tí ó lè mú èyí yé ọmọ ọdún mẹ́rin bí ikùn ẹranko Horniman ní apá kan àti òkúta wẹ́wẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní apá kejì.

Ní ti orúkọ àwọn nǹkan, òbí kò ṣe aláìní tó bí ó ti rò. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gun igi ní ọgbà London, ẹyẹlé ń ṣa èérún oúnjẹ, pẹ́pẹ́yẹ wà lórí adágún, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì ń kọjá ní òpópónà lóru. Jáńgílọ́fà ni a ń fì. Níbi tí ọ̀rọ̀ kò bá sí, kí òbí júwe rẹ̀: èyí tí a ń gùn lọ sókè tí a sì ń yọ̀ wálẹ̀ lórí rẹ̀. Ìjúwe kì í ṣe àìlera èdè. Ó ń fi han ọmọ pé Yorùbá lè sọ ohun tí kò bá nílé.

Ìkíni àti ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ̀

Ìkíni Yorùbá ń bá ipò àti ìgbà rìn. Ẹni tí ó jókòó ni a ń kí ní ẹ kú ìjókòó, ẹni tí ó ń rìn ni a ń kí ní ẹ kú ìrìn, nígbà tí oòrùn bá sì mú, a ń sọ pé ẹ kú ooru. Ọmọ tí kò jáde kúrò nílé lè má gbọ́ ju ẹ káàárọ̀ àti ó dàárọ̀ lọ. Ọgbà ìgbafẹ́ ni ẹni tí ó jókòó àti ẹni tí ó ń rìn ti ń pàdé, níbẹ̀ ni ọmọ ti lè rí i pé ìkíni kì í ṣe àkọ́sórí, pé òun náà lè hun tirẹ̀.

Orúkọ àsìkò náà pàápàá jẹ́ ẹ̀kọ́. Àwọn kan ń pe sọ́mà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n ìgbà tí òjò kì í rọ̀ ni ẹ̀ẹ̀rùn ní ilẹ̀ Yorùbá, òjò sì ń rọ̀ ní London nínú oṣù Keje. Ìgbà ooru sún mọ́ òótọ́ jù.

Ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ̀ ni ó ṣòro jù lọ. Ọmọ tí ó ń gbé pẹ̀lú òbí nìkan ń gbọ́ o àti ìwọ ju ẹ àti ẹ̀yin lọ, nítorí pé òun ni a ń bá sọ̀rọ̀. Ìyá bi í pé, "Ṣé o ti jẹun?" Òun náà yóò bi ìyá pé, "Ṣé o ti jẹun?" Wọn a ní ọmọ náà kò lẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó gbọ́ ni ó ń sọ. Kí ọmọ tó lè mọ ìlò ẹ, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn sí ẹlòmíràn. Nígbà tí ìdílé méjì bá pàdé, ọmọ yóò gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń kí ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá Ìbejì," yóò sì gbọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dá ìyá òun lóhùn pé, "Ẹ ṣé, mà." Ẹnìkan ṣoṣo kò lè fi èyí kọ́ ọmọ, bó ti wù kí ó gbìyànjú tó.

Eré pẹ̀lú ẹgbẹ́

Bí kò bá sí ọmọdé kankan tí ó ń sọ Yorùbá, ọmọ yóò gbà pé èdè àgbàlagbà ni. Nítorí náà ni ìpàdé eré láàárín ìdílé Yorùbá méjì tàbí mẹ́ta fi ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n kíkó wọn jọ nìkan kò tó. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ilé-ìwé ni wọn yóò máa sọ. Ohun tí ó ń yí èyí padà ni eré tí Yorùbá jẹ́ ara òfin rẹ̀.

Nínú ẹkùn mẹ́ran, àwọn ọmọ di ọwọ́ ara wọn mú yípo, ẹnìkan jẹ́ ewúrẹ́, ẹnìkan jẹ́ ẹkùn, ẹni tí ó léwájú ń pè, àwọn yòókù sì ń gbè. Nínú bojúbojú pẹ̀lú, ìpè àti ègbè ni ó ń sọ ìgbà tí a lè ṣí ojú. Ọmọ tí kò lè hun gbólóhùn lè gbe ègbè lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kẹta, òun ni yóò fẹ́ léwájú. Fún ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, ayò wà. Páálí ẹyin oníhò 12 àti òkúta wẹ́wẹ́ 48 ti tó: mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, kíka rẹ̀ sì di ti Yorùbá láìsí ẹ̀kọ́ ìṣirò.

Kí òbí bẹ̀rẹ̀ eré náà, kí ó fi àgbà inú àwọn ọmọ ṣe olórí, kí òun sì fà sẹ́yìn. Bí ọ̀rẹ́ tí kì í ṣe Yorùbá bá wà níbẹ̀, kò yẹ kí a torí rẹ̀ pa eré náà tì, kò sì yẹ kí a yọ ọ́ sílẹ̀. Òun náà yóò gbe ègbè. Ọmọ Yorùbá tí ó ń kọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ègbè ti di olùkọ́ èdè tí ó ń fi pa mọ́ ní àná.

Bí ọmọ bá fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn

Elizabeth Lanza, tí ó ṣèwádìí lórí àwọn ọmọ tí ó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Norway, ṣàlàyé ọ̀nà márùn-ún tí òbí ń gbà fèsì nígbà tí ọmọ bá lo èdè tí òbí kò lò. Ká ní ọmọ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé òun rí ọ̀kẹ́rẹ́. Òbí lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́: "Kí lo wí?" Ó lè bi í: "Ṣé ọ̀kẹ́rẹ́ lo rí?" Ó lè tún un sọ: "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kẹ́rẹ́ ni." Ó lè máa bá ọ̀rọ̀ lọ ní Yorùbá bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Tàbí kí òun pẹ̀lú bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí a kọ́kọ́ dárúkọ ni ó ń béèrè Yorùbá jù lọ́wọ́ ọmọ. Èyí tí ó gbẹ̀yìn kò béèrè rẹ̀ rárá.

Ní gbangba, ọ̀nà kejì ni ó dára jù. Kò dójú ti ọmọ, kò dá eré dúró, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sí ẹnu rẹ̀ nígbà tí ó nílò rẹ̀. Ọmọ tí a fi èdè fìyà jẹ lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní rántí ọ̀rọ̀ náà. Ìtìjú náà ni yóò rántí.

Ìbéèrè tí kò ṣeé fi àṣẹ dáhùn

Ní 1938, wọ́n hú àwọn orí onídẹ wà jáde ní agbo-ilé Wúnmoníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Oníṣẹ́ ìròyìn kan ra ọ̀kan nínú wọn, ó sì ti wà lọ́wọ́ British Museum láti 1939. Òbí Yorùbá tí ó bá mú ọmọ lọ wò ó (kí ó kọ́kọ́ wádìí bóyá ó wà lórí àtẹ lọ́jọ́ náà) yóò fi adé hàn án, àti àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó sọ̀ kalẹ̀ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọ yóò béèrè pé, kí ló dé tí ó wà níhìn-ín?

Ìdáhùn náà gba ọ̀rọ̀. Ó gba kí ọmọ mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí a rà, ohun tí a jí, àti ohun tí a kó lógun, irú èyí tí àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní ìlú Benin ní 1897. Ó gba kí ó gbọ́ pé Horniman gbé ẹ̀tọ́ lórí ohun 72 padà fún Nàìjíríà ní oṣù Kọkànlá 2022, àti pé kì í ṣe gbogbo mùsíọ́mù ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Òbí tí kò tí ì bá ọmọ rẹ̀ sọ ju wá jẹun lọ ní Yorùbá yóò dá a lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà fún àwọn méjèèjì. Orí Ifẹ̀ yóò wá di ohun tí a ń fi èdè ẹlòmíràn ṣàlàyé fún ọmọ Ifẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò lè mú ọmọ di ọ̀jáfáfá nínú Yorùbá. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí ó mú òbí àti ọmọ bá ọ̀rọ̀ jìnnà díẹ̀ ju ibi tí wọ́n dúró sí ní oṣù Keje lọ, láti orí bàtà dórí ọ̀kẹ́rẹ́, láti orí ọ̀kẹ́rẹ́ dórí àṣìṣe àgbà. Nígbà tí ìbéèrè tí ó wúwo bá wá dé, wọn yóò ní èdè tí wọ́n lè fi dáhùn rẹ̀.