OJÚ KÌ Í ṢE ÒṢÙWỌ̀N: Ọ̀rá onílà tó ń gba ẹ̀mí abiyamọ là

Àdúrà tí gbogbo wa ń gbà fún aláboyún kò ju ẹyọ kan lọ: ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ. Bí ọmọ bá ti ké báyìí, gbogbo ilé á máa kí ara wọn, 'Ẹ kú ewu ọmọ!' Àmọ́ ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́-ọwọ́, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yìn ìgbà tí ọmọ bá ké tán gan-an ni ewu ńlá kan ń yọjú sí ìyá. Ẹ̀jẹ̀ dídà ni.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2023 pé lọ́dọọdún, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rìnlá obìnrin ni ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn ju bó ṣe yẹ lọ lẹ́yìn ìbímọ, àti pé nǹkan bíi 70,000 ló ń bá a lọ. Ti ilé wa ńkọ́? Nínú gbogbo obìnrin tó kú nínú oyún àti ìbímọ kárí ayé ní ọdún 2020, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin tó jẹ́ ti Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ilé kóówá wa ni.

ÌDÁNWÒ LỌ́JÀ BÓDÌJÀ

Mo gba ọ̀dọ̀ ìyá elépo kan lọ ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Mo ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ṣé ẹ lè fojú wọn epo ìgò kan fún mi, kẹ́ ẹ má lo ìgò rárá?'

Ìyá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, 'Ọmọ mi, ṣé ìjà lo bá wá ni? Bí mo bá fojú wọ̀n ọ́n tó bá pọ̀ jù, èmi ni mo jẹ gbèsè. Tó bá kéré, ìwọ lo máa pè mí lólè. Torí kí ìjà má bàa wà la ṣe ní òṣùwọ̀n.'

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ra ọ̀rá 'pure water' kan, mo ní kí ìyá kọjú sẹ́yìn, mo sì da gbogbo rẹ̀ sórí ògbólógbòó ìró kan. Nígbà tí aṣọ náà mu omi tán, mo ní kí wọ́n wò ó, kí wọ́n sọ bí omi náà ṣe pọ̀ tó.

Ìyá ní, 'Kò ju ife kékeré kan lọ.'

Mo fi òfìfo ọ̀rá hàn wọ́n. 50cl ni wọ́n kọ sí i lára. Ìyá elépo dákẹ́. Nígbà tí wọn yóò sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti yí padà. Wọ́n ní, 'Bí wọ́n ṣe pa ọmọ àbúrò mi nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ náà kò pọ̀. Wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ, wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ. Ìgbà tí wọ́n máa mọ̀ pé ó pọ̀, ó ti bọ́.'

Ilé ìwòsàn tó ti ṣẹlẹ̀, a ò ní dárúkọ rẹ̀. Kò sì dá mi lójú pé nọ́ọ̀sì yẹn burú. Ojú ló fi wọ̀n ọ́n, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tó bá kún ọ̀rá omi kan yẹn, ìyẹn 500 mílílítà, ni àwọn dókítà ti ń kà sí ewu látọjọ́ pípẹ́. Aṣọ a máa fi pamọ́, ilẹ̀ a máa fa á mu, ojú a sì máa tan èèyàn jẹ.

ÌTỌ́JÚ TÓ NÍ Ẹ̀RÍ

Ẹ jẹ́ ká yà síbì kan díẹ̀. Ẹ mọ mẹkáníìkì tó jẹ́ pé ohun yòówù tí mọ́tò bá ṣe, páàtì kan náà ló máa ní kẹ́ ẹ lọ rà? Tẹ́ ẹ bá bi í pé kí ló dé, á ní, 'Bí ọ̀gá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn.' Iṣẹ́ ìṣègùn náà ní irú èyí. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni dókítà àti nọ́ọ̀sì ń ṣe torí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bá a.

Ní ilẹ̀ Kánádà, ní Yunifásítì McMaster, àwọn dókítà kan dìde láti yí èyí padà. David Sackett ni àgbà wọn. Gordon Guyatt ló sọ ọ̀nà náà lórúkọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 síwájú. Ohun tí wọ́n ń sọ kò le rárá: kí dókítà tó tọ́jú èèyàn, kó bèèrè pé, 'Ẹ̀rí wo ló wà pé èyí ń ṣiṣẹ́?' Sackett tún là á yé wọn ní 1996 pé ẹ̀rí nìkan kò tó. Kí wọ́n da ẹ̀rí pọ̀ mọ́ ìrírí dókítà àti ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ fẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí ẹ̀rí? Ẹ wo oògùn kan tó ń jẹ́ tranexamic acid, tó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá. Wọ́n kó obìnrin 20,060 tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn lẹ́yìn ìbímọ jọ, láti ọsibítù 193 ní orílẹ̀-èdè 21. Nàìjíríà wà níbẹ̀. Bí ẹni mú kèké ni wọ́n ṣe pín wọn: àwọn kan gba oògùn náà, àwọn kan gba èyí tí kò ní oògùn nínú, gbogbo wọn sì ń gba ìtọ́jú yòókù. Èsì jáde ní 2017. Nínú àwọn tó tètè gbà á, láàárín wákàtí mẹ́ta tí wọ́n bímọ, ẹ̀jẹ̀ pa nǹkan bíi 12 nínú 1,000. Nínú àwọn tí kò gbà á ní irú àsìkò yẹn, ó pa nǹkan bíi 17. Àmọ́ bí wákàtí mẹ́ta bá ti kọjá, oògùn náà kò ṣe àǹfààní mọ́. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ń fojú wọn ẹ̀jẹ̀ lè pẹ́ kó tó mọ̀!

ÌMỌ̀ INÚ ÌWÉ KÌ Í DÁ Ẹ̀JẸ̀ DÚRÓ

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Oògùn wà, ẹ̀rí wà, ìwé wà. Ta ló máa kọ́ nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru, tí aláboyún mẹ́ta ń rọbí lẹ́ẹ̀kan náà?

Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Àjọ Ìlera Àgbáyé dáwọ́ lé iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní E-MOTIVE, ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti Gúúsù Áfíríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hadiza Galadanci ti Yunifásítì Bayero ní Kánò wà lára àwọn tó darí rẹ̀ nílé wa. Ọsibítù 80 ni, obìnrin 210,132 ló sì bímọ níbẹ̀ láìṣe iṣẹ́ abẹ.

Kí ni wọ́n ṣe? Bí ọmọ bá ti jáde, wọn á tẹ́ ọ̀rá kan sábẹ́ ìbàdí ìyá. Ìsàlẹ̀ ọ̀rá náà rí bí àpò, wọ́n sì ti fa ìlà sí i lára. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kan ìlà, àríyànjiyàn ti parí. Nǹkan márùn-ún ni wọ́n máa ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: wọn á fọwọ́ ra ikùn kí ilé ọmọ lè sún kì; wọn á fún un ní oxytocin tó ń mú ilé ọmọ sún kì; wọn á fún un ní tranexamic acid; wọn á fa omi sí i lára; wọn á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ya níbì kan tàbí olóbì kù sínú, wọn á sì ké sí ọ̀gá bí kò bá dá. Tẹ́lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣe é: wọn á ṣe èyí, wọn á dúró wò ó, kí wọ́n tó ṣe ìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ kì í dúró deni.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. Wọn kò kó wọn lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì lọ jókòó gbọ́ lẹ́kíṣọ̀. Ẹnu iṣẹ́ wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ, bí ọmọṣẹ́ ṣe ń kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ń ṣe é bí eré, bí ẹni pé abiyamọ wà níwájú wọn, àwọn ẹlẹgbẹ́ sì ń kọ́ ara wọn. Wọ́n yan nọ́ọ̀sì àti dókítà tó máa jẹ́ aṣáájú. Wọ́n kó gbogbo oògùn àti irinṣẹ́ sójú kan, kẹ́nikẹ́ni má bàa máa wá kọ́kọ́rọ́ káàkiri lóru. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi àkọsílẹ̀ han ọsibítù kọ̀ọ̀kan, kó rí bí òun ṣe ṣe sí láàárín ẹgbẹ́.

Èsì jáde ní oṣù Karùn-ún 2023. Níbi tí wọn kò ti kọ́ wọn, nínú 100 obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn, 51 péré ni wọ́n mọ̀. Àwọn 49 yòókù ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ wọn ń lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀. Níbi tí wọ́n ti kọ́ wọn, 93 ni wọ́n mọ̀. Ìtọ́jú àpapọ̀ yẹn, 19 nínú 100 ló ń rí i gbà níbi ti tẹ́lẹ̀. 91 ló rí i gbà níbi tí ẹ̀kọ́ ti dé. Nínú 1,000 tó bímọ, 43 ni ẹ̀jẹ̀ wọn lé ní lítà kan, tàbí tí ó di iṣẹ́ abẹ tàbí ikú. Ó wá di 16. Kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá kankan níbẹ̀ o. Ọ̀rá, oògùn tó ti wà nílẹ̀, àti ẹ̀kọ́ ni. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ní 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé tún fi kún un pé kí wọ́n má dúró dé 500 mọ́: bó bá ti di 300, tí ọkàn ìyá sì ń sáré tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ń já wálẹ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

KÍ LẸ LÈ ṢE?

Ẹ má lọ bá nọ́ọ̀sì jà o. Àmọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbé ọmọ yín, ìyàwó yín tàbí ara yín lọ forúkọ sílẹ̀, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bèèrè: 'Ẹ jọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, kí lẹ fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ? Ṣé abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró wà nílẹ̀? Ṣé inú fíríìjì lẹ ń tọ́jú oxytocin sí, tí iná bá lọ ńkọ́?' Ooru máa ń ba oxytocin jẹ́. Ẹ má fúnra yín ra abẹ́rẹ́ lọ gún. Bó bá sì jẹ́ ilé tàbí ilé agbẹ̀bí ni wọ́n ti bí i, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, ẹ má jókòó máa pààrọ̀ aṣọ. Ẹ gbé e dìde lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí mo ń dìde lọ́dọ̀ ìyá elépo, wọ́n gbé ìgò epo wọn sókè, wọ́n ní, 'Epo lásán nìyí o, mi ò jẹ́ fojú wọ̀n ọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ wá ńkọ́?'

Èmi ò rí èsì fọ̀. Bẹ́ ẹ bá ní, ẹ kọ lẹ́tà sí wa. A ó máa gbóhùn ìyá, a ó máa gbóhùn ọmọ o. Àṣẹ.