Bí Àwọn Ọmọ Ogun Obìnrin Dahomey Ṣe Kọ́ Ìjà

Ìlú Kankon ní agbègbè Àgbádárìgì kò jìnnà sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, láàárín Nàìjíríà àti Benin. Ilẹ̀ àwọn Ògù ni, ogun tí Ọba Agaja ti Dahomey, ìjọba àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Benin òde òní, fi gba Allada ní 1724 àti Ouidah ní 1727 ló sì lé ọ̀pọ̀ ìdílé wọn wá sí agbègbè náà. Lóde òní, ẹgbẹ́ ọmọ ogun obìnrin tí wọ́n ń pè ní Agojie ni ayé fi ń rántí Dahomey jù. Láti ìgbà tí fíìmù The Woman King ti jáde ní 2022 ni àwọn ènìyàn ti ń bèèrè bí àwọn obìnrin náà ṣe kọ́ ìjà.

Orí ẹ̀gún ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ní 1861, Francesco Borghero, àlùfáà Kátólíìkì ará Ítálì, wo bí wọ́n ṣe ń dánra wò ní Abomey, olú ìlú Dahomey. Wọ́n to ẹ̀gún jọ bí odi ìlú. Àwọn obìnrin náà gùn ún láìwọ bàtà, ẹ̀gún ń ya wọ́n lára, wọ́n sì bọ́ sí òdìkejì bí ẹni tó gba ìlú. Bẹ́líìtì ẹ̀gún ni wọ́n fi ta àwọn tó ṣe dáadáa jù lọ́rẹ. Àwọn kan ka èyí sí ìwà ìkà lásán, ṣùgbọ́n mo rí ọgbọ́n nínú rẹ̀: ìlú olódi ni wọ́n ń lọ bá jà. Wọ́n kọlu Abẹ́òkúta ní 1851, wọ́n tún padà wá ní 1864. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì làwọn Ẹ̀gbá lé wọn.

Wọ́n ní ìbọn àti àdá, àwọn kan sì ń gbé abẹ ńlá tí ojú rẹ̀ ń ká wọ inú èèkù. Nígbà tí wọ́n kojú Faransé ní 1892, ìbọn tó ń yìn léraléra ni wọ́n bá, pẹ̀lú ọ̀bẹ tí wọ́n fi sí ẹnu ìbọn, tó jẹ́ kí ìbọn náà gùn ju àdá wọn lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìjà idà Yúróòpù àtijọ́ lónìí rí ìwé gbára lé. Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn, tí wọ́n kọ ní nǹkan bí 1300, wà ní Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dahomey kò kọ irú rẹ̀ sílẹ̀. Ojú àlejò bíi Borghero la fi ń wo ẹ̀kọ́ wọn, ó sì dùn mí púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìjà lè wà láìsí ìwé: ní Haiti, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn etíkun wa lọ ṣẹrú, ìjà àdá ṣì wà láàyè. Tire machèt ni wọ́n ń pè é. Fíìmù Papa Machete ti 2014 fi Alfred Avril hàn, àgbẹ̀ tó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìjà náà, láti ọwọ́ àgbà sí ọwọ́ ọmọdé.