Ṣé ẹ mọ ilé tí ọmọ ọ̀dọ̀ yín ti wá? Iṣẹ́ wẹ́fíà láti Ilua dé ìgboro

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ pẹ̀lú wa mọ̀ pé Ilua ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà, tí Òkèhò jẹ́ ibùjókòó rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà ibẹ̀, kó ṣáà ti rántí Ìsẹ́yìn àti Ṣakí. Òkè-Ògùn ni wá, ilẹ̀ ọ̀dàn, ilẹ̀ iṣu, ẹ̀gẹ́ àti kajú.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọpa ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tí wọ́n ń fìyà jẹ, àti ti àgbàlagbà tí wọ́n ń rẹ́ jẹ tàbí tí kò rẹ́ni tọ́jú rẹ̀. Ìjọba fún iṣẹ́ náà ní orúkọ ńlá, ṣùgbọ́n “Àǹtí Wẹ́fíà” ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò. Ìbéèrè tó sì máa ń wá jù ni pé: “Àǹtí, kí lẹ máa ń ṣe gan-an? Ṣé ẹ kàn máa ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ni?”

Ẹ jẹ́ ká dáhùn ẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ náà sì kàn yín ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, torí pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí à ń wá ní Òkè-Ògùn, ilé ìdáná àwọn ará ìgboro ni wọ́n wà.

Ta là ń pè ní ọmọdé?

Lábẹ́ òfin, ọmọdé ni ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003 ló sọ bẹ́ẹ̀, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2006. Òfin yẹn ní tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ọmọ, ohun tó máa ṣe ọmọ náà lóore jù ni ká kọ́kọ́ wò. Ìtìjú ẹbí kọ́, orúkọ bàbá kọ́, owó tí wọ́n ti gbà kọ́.

Ó rọrùn láti sọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá jókòó láàárín àgbààgbà mẹ́fà tí gbogbo wọn ń sọ pé “Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé”, ẹ máa rí i pé gbólóhùn kékeré yẹn ló ń fún wa lẹ́sẹ̀ dúró.

Tí wọ́n bá pè wá, kí la máa ń ṣe?

Ọ̀pọ̀ ìgbà, tíṣà ló máa ń kọ́kọ́ fura. Ọmọ tó ń sùn ní kíláàsì lójoojúmọ́. Ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ sílé tí òun ṣì ń fẹsẹ̀ falẹ̀. Nígbà míì, nọ́ọ̀sì ni, tàbí aládùúgbò, tàbí ọlọ́kadà tó gbé ọmọ kan tí kò lè sọ ibi tó ń lọ.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi ara mi ni pé: níbo lọmọ yìí máa sùn lálẹ́ òní? Tí ewu bá wà níbẹ̀, a gbọ́dọ̀ wá ibòmíì kílẹ̀ tó ṣú. Ilé ìyá àgbà, ilé ẹ̀gbọ́n bàbá, ilé ẹnì kan tí ọmọ fọkàn tán. Ilé ìtọ́jú ọmọ la máa ń rò kẹ́yìn. Tó bá sì di pé ká gba ọmọ kúrò lọ́wọ́ òbí fún ìgbà pípẹ́, èmi kọ́ ni mo ń dá a pinnu. Òfin ti dá kóòtù sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ọmọ àti ẹbí, àṣẹ ọwọ́ wọn nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, màá lọ sílé. N kì í wọlé bí ọlọ́pàá. Màá kúnlẹ̀ kí àgbà ilé, màá jókòó, màá gba omi mu. Ojú mi sì ń ṣiṣẹ́. Níbo lọmọ ń sùn sí? Ta ló ń jẹun kẹ́yìn? Ta lọmọ ń wò kó tó dáhùn ọ̀rọ̀?

Màá wá ọ̀nà bá ọmọ sọ̀rọ̀ lóun nìkan, níbi tí ojú àwọn ará ilé ti lè tó wa ṣùgbọ́n tí etí wọn kò lè tó wa. N kì í bi í pé “Ṣé bàbá ẹ lù ẹ́?” Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń fi ìdáhùn sí ọmọ lẹ́nu. Màá ní, “Sọ bí àná ṣe rí fún mi, láti ìgbà tóo jí.” Tó bá ń fi Òǹkò sọ̀rọ̀, Òǹkò la jọ máa sọ. Ọ̀rọ̀ tó bá lò gan-an ni màá kọ sílẹ̀, n kò ní tún un ṣe. Tó bá ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, n kò ní ṣe irú ìlérí yẹn fún un. Màá sọ fún un pé àwọn tó lè ràn án lọ́wọ́ nìkan ni màá sọ fún.

Gbogbo rẹ̀ máa wọ inú fáìlì: ọjọ́, aago, ohun tí mo rí, ohun tí wọ́n sọ. Èrò tèmi máa wà lọ́tọ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù lọ́dún tó ń bọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbàgbé, àwọn mìíràn ti yí ọ̀rọ̀ padà, fáìlì ló máa ṣẹ́ kù.

Ibi tí àwọn èèyàn kì í rí nínú iṣẹ́ wa ni àtúnlọ. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ilé máa ṣèlérí. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀kejì láìsọ tẹ́lẹ̀, ìgbà yẹn lẹ máa mọ òótọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé tí mo ń lọ, kò sí ìkà níbẹ̀. Ìṣẹ́ ló wà níbẹ̀, àti àárẹ̀, àti ìyá kan tó ń dá tọ́ ọmọ márùn-ún. Irú ilé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá rẹ́ni bá ìyá náà sọ̀rọ̀, tí ẹ̀gbọ́n kan gbà láti mú ọmọ kan lọ sílé ìwé, ọ̀rọ̀ máa tán. Ilé tí ìkà wà yàtọ̀, a kì í sì í fi ìpàdé ẹbí parí rẹ̀.

Ọmọ ọ̀dọ̀: níbi tí Ilua ti pàdé ìgboro

Àṣà wa ni pé kí ọmọ lọ gbé lọ́dọ̀ ẹbí. Ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a tọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó lórúkọ lónìí, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá tàbí tíṣà kan ni wọ́n ti dàgbà. Àgbàtọ́ nìyẹn, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀. Ìyá mọ ilé náà, ọmọ ń lọ síléèwé, ó sì ń wálé lọ́dún.

Èyí tó ń kọ mí lóminú ni ọmọ tí ẹnì kan wá mú lábúlé, tó ní òun máa fi sílé ìwé ní Ìbàdàn tàbí Èkó. Ẹni yẹn máa gba owó lọ́wọ́ onílé, á sì máa gba owó oṣù ọmọ. Ìyá ọmọ ò mọ orúkọ àdúgbò. Nọ́ńbà tí wọ́n fún un ti ń sọ pé wọ́n ti pa fóònù. Ọmọ kò mọ ọ̀nà ilé, onílé ò sì mọ ibi tí ọmọ ti wá ju “Òkè-Ògùn” lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń kiri ọjà tí wọ́n sì ń sùn níta ní Èkó wà lára ohun tó jẹ́ kí ìjọba òyìnbó dá iṣẹ́ wẹ́fíà sílẹ̀ níbẹ̀. Òfin lórí ọmọdé àti ọ̀dọ́ sì jáde lọ́dún 1943.

Kò sì mọ sí Nàìjíríà nìkan. Ẹ rántí pé apá Ṣakí wa bá orílẹ̀-èdè Benin pààlà. Lóṣù kẹrin ọdún 2001, gbogbo ayé ń wá ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Etireno, tí wọ́n ní ó kó àwọn ọmọdé láti Benin lọ ṣiṣẹ́ ní Gabon. Wọn ò jẹ́ kó gúnlẹ̀ níbẹ̀, ó sì padà sí Kùtọ̀nú. Lọ́dún 2003, àwọn aláṣẹ kó àwọn ọmọ Benin tó ń fọ́ òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta, wọ́n dá wọn padà sílé. Ọ̀pọ̀ wọn, apá Zakpota ni wọ́n ti wá. Ẹni tí òbí wọn mọ̀ ló mú ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kúrò nílé, pẹ̀lú ìlérí tó dùn létí. Ọdún 2003 yẹn náà ni Nàìjíríà dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ láti gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò.

Ohun tí òfin sọ nìyí: lábẹ́ òfin tí wọ́n tún ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà lọ́dún 2015, ẹni tó bá gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 síṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n, ó kéré tán oṣù 6, ó pọ̀ jù ọdún 7. Ẹni tó mú ọmọ wá náà jẹ̀bi. Òfin ètò ẹ̀kọ́ ti ọdún 2004 sì sọ pé dandan ni kí ọmọ lọ síléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kó sì ka sẹ́kọ́ńdìrì kékeré.

Nítorí náà, tí ọmọ kan bá ń fọ abọ́ nílé àǹtí yín, ẹ fọgbọ́n béèrè nǹkan mẹ́rin. Kí lorúkọ ìyá rẹ̀, ìlú wo ló sì wà? Ìgbà wo ló bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn? Iléèwé wo ló ń lọ? Ta ló ń gba owó rẹ̀? Tí ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣókùnkùn, ẹ má ṣe fojú fò ó.

Àgbàlagbà náà ńkọ́?

Ìdajì iṣẹ́ wa nìyẹn, àwọn èèyàn kì í sì í ronú kàn án. Ìyá arúgbó tí wọ́n ń pè ní àjẹ́ nítorí pé ọmọ kan kú nílé. Bàbá tó ṣe àrùn rọpárọsẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí orí rẹ̀ dàrú tí wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ dè mọ́ igi.

Ẹ jẹ́ kó yé yín pé ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn wa láti fẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ tí ààrẹ buwọ́ lù lóṣù kìíní ọdún 2023 sì fún ẹni tí orí rẹ̀ kò pé ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú tó bọ̀wọ̀ fún un bí ènìyàn.

Ṣùgbọ́n àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé ní ibì kan pàtàkì. Àgbà tí orí rẹ̀ pé lè sọ pé òun ò fẹ́ ìrànlọ́wọ́ mi. Obìnrin tí ọkọ ń lù lè ní kí n máa lọ. Mi ò lè fipá mú un jáde. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n rí i dájú pé ó mọ ibi tó lè sá sí, kí n fi nọ́ńbà mi sílẹ̀ lọ́nà tí ọkọ rẹ̀ kò ní fi mọ̀, kí n sì tún padà wá. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé “rárá” lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó sọ pé “ó yá”. Tí mo bá ti bínú kúrò lẹ́ẹ̀kejì, kò ní rí mi lẹ́ẹ̀kẹrin.

Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín

Mo mọ̀ pé tí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti ń lu ọmọ, ọwọ́ yín máa lọ síbi kámẹ́rà. Inú rere ni, fídíò sì lè jẹ́ ẹ̀rí. Àmọ́ ẹ má gbé e sórí TikTok tàbí WhatsApp. Ojú ọmọ yẹn kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Tó bá pé ogún ọdún, tó ń wá iṣẹ́, tó fẹ́ ṣègbéyàwó, fídíò náà ṣì ń rìn. Ẹni tó ń fìyà jẹ ẹ́ náà máa rí i lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ ló sì máa gba ìyà rẹ̀. Nígbà míì wọ́n á ti gbé ọmọ kúrò ládùúgbò ká tó débẹ̀.

Ẹ pa á mọ́ sórí fóònù yín. Ẹ kọ ọjọ́, aago àti àdúgbò sílẹ̀. Ẹ fún wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ọlọ́pàá. Tó bá jọ pé wọ́n fi ọmọ ṣòwò ni, ẹ pe NAPTIP lórí 627. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 615 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Kò dìgbà tí ẹ bá rí ẹ̀rí tó kún ọwọ́ kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Tiyín ni kẹ́ ẹ sọ ohun tí ẹ rí, wíwádìí rẹ̀ ni iṣẹ́ tiwa.

Ẹ̀yí tó gba kánkán jù ni ìfipábánilòpọ̀. Ẹ gbé ẹni náà lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kò wúlò mọ́ tó bá ti kọjá wákàtí 72. Tó bá ṣeé ṣe, kó má tíì wẹ̀, kó má sì fọ aṣọ tó wọ̀. Inú àpò bébà ni kẹ́ ẹ kó o sí. Tí ọjọ́ bá sì ti lọ, ẹ ṣì gbé e lọ, torí ìtọ́jú mìíràn wà. Tí ẹbí bá ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ ṣèpàdé, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n kí ọmọ ti wà ní ọsibítù kí wọ́n tó jókòó.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí kò le. Ẹ wo ọmọ ọ̀dọ̀ tó wà nílé yín tàbí nílé tó kángun sí yín. Ẹ béèrè orúkọ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí nọ́ńbà bá wà, ẹ yá a ní fóònù fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ sì jìnnà sí i díẹ̀ kó lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ó tó gẹ́ẹ́ fún tòní. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a máa sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún kóòtù láìfi orúkọ ọmọ hàn. Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́, ẹ má sì fi orúkọ ọmọ kankan sí i. Ó dìgbà o.