Ọmọrí Ìkòkò Tó Dípẹtà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìtọ́jú Ilé Iṣẹ́ Iná Átọ́míìkì

Bí a bá dárúkọ iná átọ́míìkì, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn ni Chernobyl ti ọdún 1986 tàbí Fukushima ti ọdún 2011. Ẹ jẹ́ kí á fi àwọn ńlá yẹn sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kéré lójú: ọ̀rọ̀ páìpù tó ń jò ni, àti asẹ́ tó dí, àti irin tó ń dípẹtà. Ẹni tó bá sì ń rò ó pé kí ló kàn wá níbẹ̀, kí ó rántí pé láti ọdún 2004 ni ìkòkò átọ́míìkì kékeré kan ti ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria. Ti ìwádìí ni o, kì í ṣe ti iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n irin ni irin ń jẹ́ níbi gbogbo.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìkòkò irin ńlá kan ni. Uranium wà nínú rẹ̀, ó ń gbóná, omi sì ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Omi náà gbóná ju ìwọ̀n 300 Celsius lọ, síbẹ̀ kò hó, nítorí pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 150 ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Omi yìí ló ń lọ sọ omi mìíràn di ooru, ooru náà ló sì ń yí ẹ̀rọ tí ń mú iná wá. Wọ́n máa ń po èròjà kan tí à ń pè ní boric acid mọ́ omi inú ìkòkò láti fi kó uranium níjàánu.

Èròjà yìí gan-an ni kí á fọkàn sí. Kò lè ṣe inú ìkòkò ní nǹkan kan, nítorí irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí páìpù bá sán, tí omi náà jò síta, tó bá irin lásán pàdé, jíjẹ ni yóò máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ilé iṣẹ́ kan wà létí adágún Erie ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, Davis-Besse ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1977 ni ìkòkò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Páìpù 69 ló gba ara ọmọrí ìkòkò náà wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2001, ilé iṣẹ́ mìíràn, Oconee ní South Carolina, rí i pé irú àwọn páìpù bẹ́ẹ̀ ti ń sán lọ́dọ̀ àwọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ átọ́míìkì ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn ilé iṣẹ́ tó kù yẹ tiwọn wò. Wọ́n fẹ́ kí àwọn tí ewu súnmọ́ jù ṣe é kí ọdún tó parí. Davis-Besse bẹ̀bẹ̀ fún àyè sí i, wọ́n sì jọ dúnàá dúrà títí wọ́n fi fi í sí ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún 2002.

Nígbà tó di oṣù kẹta, wọ́n ń tún páìpù kẹta ṣe lọ́wọ́ ni páìpù náà bá mì, ó sì fara ti èkejì rẹ̀. Ẹ̀rù ba àwọn òṣìṣẹ́, nítorí páìpù tó gba inú irin tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 17 kọjá kò gbọdọ̀ mì rárá. Wọ́n kó ẹ̀tù tó bo orí ọmọrí kúrò, wọ́n sì bá ihò ńlá níbẹ̀, ó gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 18. Boric acid ti jẹ gbogbo irin ibẹ̀ tán. Ìtẹ́nú tí kò nípọn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ nìkan ló kù tó ń dá gbogbo agbára omi yẹn dúró, òun pàápàá sì ti ń wú síta. Wọn kò fi í síbẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ká ní ó bẹ́ ni, omi gbígbóná ìbá tú jáde látorí ìkòkò, a ò sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ìbá já sí. Ẹnikẹ́ni kò fara pa.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni pé irin náà ti ń ké tipẹ́. Àwọn asẹ́ kan wà nínú ilé náà tí wọ́n fi ń yẹ afẹ́fẹ́ wò. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀ wọn. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti ń dí lemọ́lemọ́, nígbà tó sì di ìparí ọdún 2001, ọjọ́ méjì méjì ni wọ́n ń pààrọ̀ wọn. Ìpẹtà ló ń dí wọn. Níbo ni ìpẹtà ti ń wá? Àwọn ẹ̀rọ tí ń mú afẹ́fẹ́ ilé náà tutù pẹ̀lú, boric acid bò wọ́n, wọ́n fọ̀ wọ́n, ó tún bò wọ́n. Nígbà tí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró ní ọdún 2000 láti pààrọ̀ uranium, nǹkan pupa bí ìpẹtà ti ṣàn látinú àwọn ojú ihò ẹ̀gbẹ́ ọmọrí náà, wọ́n tilẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀. Wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kò mọ́ tán, wọ́n tan ẹ̀rọ padà. Àwọn ojú ihò tí wọ́n ń gbà wo orí ọmọrí náà kéré jù. Wọ́n ti dá a lábàá tipẹ́ kí wọ́n fẹ̀ wọ́n sí i, wọ́n ń sún un síwájú lọ́dọọdún. Òrùlé ló ń jò, ilẹ̀ ni wọ́n ń nù.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé wọn kò ní ètò ìtọ́jú. Wọ́n ní in dáadáa. Lẹ́yìn ìjàǹbá Three Mile Island ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 1979 ni Amẹ́ríkà ti ń tún ètò náà ṣe. Níbẹ̀, àwọn tó yẹ ẹ̀rọ wò ní ọjọ́ méjì ṣáájú ti fáàfù omi pàjáwìrì méjì pa, wọ́n gbàgbé láti ṣí wọn, ó sì tó nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ lẹ́yìn tí wàhálà bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ náà dá ẹgbẹ́ INPO sílẹ̀ lọ́dún náà láti máa yẹ ara wọn wò. Ní ọdún 1991, ìjọba ṣe òfin ìtọ́jú ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1996: kí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ṣírò iye ìgbà tí ẹ̀rọ tó ṣe pàtàkì ń kọṣẹ́, kí wọ́n sì wá ìdí rẹ̀.

Ọgbọ́n mìíràn tún wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọkọ̀ òfuurufú. Ní ọdún 1978, Nowlan àti Heap ti United Airlines fi hàn pé ìdá 11 péré nínú 100 ẹ̀yà ọkọ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò ni ọjọ́ ogbó ń bàjẹ́. Àwọn tó kù, bí ènìyàn bá ń tú wọn palẹ̀ lóòrèkóòrè, ó lè jẹ́ òun gan-an ni yóò kó àbùkù bá wọn. Ìdí nìyí tí àwọn ilé iṣẹ́ átọ́míìkì fi ń tẹ́tí sí ẹ̀rọ dípò kí wọ́n kàn máa tú u: wọ́n ń wọn bó ṣe ń gbọ̀n, wọ́n ń yẹ ọ́ìlì rẹ̀ wò, wọ́n ń fi kámẹ́rà wo ibi tó ń gbóná jù. Ó sì so èso. Ní ọdún 1990, bí wọ́n bá dá ẹ̀rọ dúró láti pààrọ̀ uranium, ó ń tó nǹkan bí ọjọ́ 104. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kò tó ìdajì ìyẹn mọ́.

Àbí ẹ ti rí ibi tí ìṣòro wà? Ọjọ́ tí ẹ̀rọ fi dúró ń dín kù, owó ń wọlé, ẹni tó fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́ta sí i fọ orí ọmọrí sì di ẹni tó ń fa ọwọ́ aago sẹ́yìn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ètò Davis-Besse ti wó. Òṣìṣẹ́ tó pààrọ̀ asẹ́ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ẹni tó fọ ẹ̀rọ atutù ṣe tirẹ̀, ìwé iṣẹ́ méjèèjì sì di títì. Kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kó ìwé méjèèjì sójú kan.

Ọdún méjì ni ilé iṣẹ́ náà fi wà ní títì, ohun gbogbo sì ná wọn tó nǹkan bí 600 mílíọ̀nù dọ́là. Ní ọdún 2005, ìjọba tún bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 5.45 dọ́là lé e. Wọ́n ra ọmọrí mìíràn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan tí wọn kò kọ́ parí ní Midland ní Michigan, wọ́n sì tan ẹ̀rọ padà ní oṣù kẹta ọdún 2004. Ní ọdún 2010, wọ́n yẹ àwọn páìpù ọmọrí yẹn náà wò, wọ́n sì rí i pé díẹ̀ nínú wọn ti ń sán. Lọ́tẹ̀ yìí wọn kò dúró. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2011 ni wọ́n gé ògiri kọnkéré tó yí ilé náà ká kí ọmọrí kẹta lè wọlé. Ibi tí wọ́n ti ń gé e ni wọ́n ti rí i pé ògiri náà fúnra rẹ̀ ti sán nínú. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, ìjì yìnyín ọdún 1978 ni wọ́n kà á sí lọ́rùn: omi ti wọ inú kọnkéré náà nítorí pé wọn kò kùn ún lọ́dà nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Ọdún 2012 ni wọ́n tó kùn ún.