Àtọ̀gbẹ Inú Oyún àti Jẹjẹrẹ Ọyàn: Ohun tí Orúkọ Àìsàn Fi Pamọ́

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àmì ara ni Yorùbá sì sábà máa ń wò kí wọ́n tó sọ àìsàn lórúkọ. “Àtọ̀gbẹ” ń sọ nípa ẹni tó ń tọ̀ títí ara rẹ̀ fi ń gbẹ. “Ìtọ̀ ṣúgà” ń sọ ohun tó wà nínú ìtọ̀ náà. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wúlò nígbà tí àìsàn bá hàn sójú, ṣùgbọ́n ó lè ṣini lọ́nà nígbà tí àìsàn bá fara pamọ́. Fún àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú-Igbó, Agó-Ìwòyè àti ìjọba ìbílẹ̀ Ògùn Waterside, ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti èdè nìkan, nítorí ìbéèrè méjì ló rọ̀ mọ́ ọn. Ṣé àtọ̀gbẹ inú oyún máa ń fa jẹjẹrẹ ọyàn fún obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀? Kí sì ni ó yẹ kí ìyá ṣe lẹ́yìn ìbímọ?

Ínsúlíìnì ni ara ń lò láti kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Bí oyún bá ti ń dàgbà, ibi ọmọ a máa tú àwọn họ́mọ́ọ̀nù tó ń dín agbára ínsúlíìnì kù sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, kí oúnjẹ lè tó ọmọ inú. Ara ọ̀pọ̀ aboyún máa ń pèsè ínsúlíìnì sí i láti dí àlàfo yìí. Aboyún tí ara rẹ̀ kò bá lè pèsè èyí tó tó, ṣúgà yóò pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ 24 sí 28 ni a sábà máa ń ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Aboyún kò ní jẹun mọ́jú. Wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, yóò mu gúlúkóòsì gíráàmù 75, wọn yóò sì tún gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 1 àti wákàtí 2. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2013, àìsàn náà ti wà níbẹ̀ bí ṣúgà bá tó mílímóòlù 5.1 nínú lítà kan kí ó tó mu gúlúkóòsì, tàbí 10.0 lẹ́yìn wákàtí 1, tàbí 8.5 lẹ́yìn wákàtí 2.

Ibí ni orúkọ ti kọ́kọ́ kùnà. Ìtọ̀ lemọ́lemọ́ kò ṣàjèjì sí aboyún, nítorí náà, ohun tí “àtọ̀gbẹ” ní kí a máa wò kò lè ya aláìsàn sọ́tọ̀ lára ẹni tí ara rẹ̀ le. Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í mọ ohunkóhun lára. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń tú u fó.

Ohun tó mú àwọn onímọ̀ ìṣègùn fura sí ìbátan àìsàn yìí àti jẹjẹrẹ ọyàn ni pé ínsúlíìnì tó pọ̀ lápọ̀jù lè mú kí sẹ́ẹ̀lì máa pọ̀ sí i, ọyàn sì máa ń yí padà gidigidi nígbà oyún. Èsì ìwádìí kò fẹnu kò. Ìwádìí kejì lórí ìlera àwọn nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1989. Àbọ̀ tó jáde nínú rẹ̀ ní 2017 fi hàn pé jẹjẹrẹ ọyàn kò wọ́pọ̀ láàrin àwọn ìyá tó ti ní àtọ̀gbẹ inú oyún tó bí ó ti wọ́pọ̀ láàrin àwọn ìyá yòókù. Ní 2023, àwọn onímọ̀ láti Dẹ́ńmáàkì gbé ìwádìí lórí àwọn ìyá tó lé ní 700,000 kalẹ̀ níbi àpérò kan ní Hamburg, ní Jámánì. Wọn kò rí àfikún ewu, ì báà jẹ́ kí nǹkan oṣù tó dáwọ́ dúró tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ìwádìí mìíràn rí àfikún.

Ìdí kan tí èsì fi lè takora ni pé ìbímọ fúnra rẹ̀ ń yí ewu padà. Àkójọpọ̀ ìwádìí 15 tó jáde ní 2019 fi hàn pé ewu jẹjẹrẹ ọyàn máa ń ga díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, tí yóò dé góńgó ní nǹkan bí ọdún 5 kí ó tó máa walẹ̀. Nítorí náà, fífi ìyá tó ní àtọ̀gbẹ wé obìnrin tí kò bímọ rí yàtọ̀ sí fífi í wé ìyá ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn nọ́ọ̀sì náà sì jẹ́ aláwọ̀ funfun. Ní Ìbàdàn, láti 1998 ni ìwádìí ńlá lórí jẹjẹrẹ ọyàn ní Nàìjíríà ti ń lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade wà lára àwọn tó ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí àìsàn náà ń mú níhìn-ín ni kò tíì pé ọdún 50, irú rẹ̀ tí oògùn tó ń dènà họ́mọ́ọ̀nù kì í ràn sì wọ́pọ̀ ju ti ilẹ̀ Yúróòpù lọ. Èyí ni kò fi yẹ kí a gbé èsì òkèèrè wọ obìnrin Ìjẹ̀bú bí aṣọ àwọ̀bọ́.

Ohun kan wà tí kò sí iyèméjì nínú rẹ̀. Àkójọpọ̀ ìwádìí tó jáde ní 2020 fi hàn pé ìyá tó ti ní àtọ̀gbẹ inú oyún ní ewu àtọ̀gbẹ ọjọ́ alẹ́ ní nǹkan bí ìlọ́po 10 ju ìyá tí kò ní in. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí orúkọ kùnà: “inú oyún” ń mú kí ìyá rò pé ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ni àìsàn náà parí. Ó yẹ kí wọ́n tún ṣúgà rẹ̀ yẹ̀ wò láàrin ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 lẹ́yìn ìbímọ, kí wọ́n sì máa ṣe é lóòrèkóòrè lẹ́yìn náà. Ọ̀sẹ̀ 6 yìí gan-an ni ọmọ ń lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Agó-Ìwòyè, ṣùgbọ́n Ṣágámù ni ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ wà. Kí ìyá láti Abìgì tàbí Ìwópin tó dé ibẹ̀, yóò la ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá. Bí ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ bá yẹ ṣúgà ìyá wò lọ́jọ́ kan náà, ìrìn-àjò kan ti dín.

Ọyàn tí ìyá ń fún ọmọ tún ń ṣiṣẹ́ méjì. Ó ń dín ewu àtọ̀gbẹ ọjọ́ iwájú kù. Ní ti jẹjẹrẹ, àkójọpọ̀ ìwádìí 47 láti orílẹ̀-èdè 30, tó jáde ní 2002, fi hàn pé oṣù 12 kọ̀ọ̀kan tí obìnrin bá fi fún ọmọ lọ́yàn ń dín ewu rẹ̀ kù ní ìdá 4.3 nínú 100. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí ìyá mọ̀ pé kókó jẹjẹrẹ kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí “jẹ” inú “jẹjẹrẹ” bá mú kí ó máa retí ohun tó ń jẹni lára lè pẹ́ kí ó tó lọ sí ilé ìwòsàn.

Àwọn olùkọ́ èdè, ògbufọ̀ àti oníròyìn rédíò ló ń gbé orúkọ àìsàn dé ẹnu ará ìlú. Bí wọ́n bá sọ pé ṣúgà “yọjú nínú oyún”, ìyá yóò gbọ́ ọ pé ohun tó yọjú lẹ́ẹ̀kan lè tún yọjú, yóò sì mọ̀ pé òun náà ní láti yọjú fún àyẹ̀wò.