Ebi Nìkan Kò Lè Tún Ìlú Ṣe

Àwọn kan láàárín wa gbàgbọ́ pé bí ọrọ̀-ajé àwọn olówó bá ti lè dojú dé, ìjọba mẹ̀kúnnù kò ní pẹ́ dé. Wọn a sì máa fi Karl Marx ṣe ẹlẹ́rìí. Ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Òtítọ́ ni pé Marx, nínú ìwé Das Kapital tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1867, ṣàlàyé pé ohun tí òṣìṣẹ́ ń ṣe jáde níye lórí ju owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ, àti pé olówó ni ó ń kó èyí tí ó lé. Nítorí èrè ni a ṣe ń ṣe ọjà, kì í ṣe nítorí àìní ènìyàn. Bí èrè bá já, a ó ti ilé-iṣẹ́ pa. Ọjà yóò kún àká, ebi yóò sì máa pa ẹni tí ó ṣe é.

Irú ọ̀dá owó bẹ́ẹ̀ dé ní 1929, nígbà tí ọjà ìpín-ìdókòwò fọ́ ní New York. Àwọn olówó Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí gba owó tí wọ́n yá Jámánì padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1932, àwọn aláìníṣẹ́ ní Jámánì, ilẹ̀ tí a gbé bí Marx, ti lé ní mílíọ̀nù 6.

Nínú ìdìbò oṣù kọkànlá ọdún náà, ẹgbẹ́ Sósíálì-Démókíráàtì gba ijókòó 121, ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì gba 100, ẹgbẹ́ Hitler sì gba 196. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ méjèèjì ní 221. Kò tó láti dá ṣèjọba nínú ilé oníjókòó 584, ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ kan tí ó ní tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, wọn kò fìmọ̀ ṣọ̀kan. Kọ́múníìsì ń pe ẹgbẹ́ kejì ní fásíìsì. Àwọn yẹn náà sì ti fàyè gba ìjọba Brüning tí ó gé owó iṣẹ́ àwọn ènìyàn.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní 1933, Hitler di olórí ìjọba. Ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún, wọ́n gba àwọn ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ní oṣù keje, wọ́n fi òfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú yòókù. Inú àgọ́ ìfìyàjẹni ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjèèjì ti wá pàdé.

Àwa kò sọ pé irọ́ ni Marx pa nípa ọ̀dá owó. Ohun tí a ń wí ni pé ọ̀dá a máa ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kì í yan ẹni tí yóò wọlé. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń jà fún ìlọsíwájú ilẹ̀ wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí a jókòó máa retí kí ebi bá wa ṣe iṣẹ́ wa. Kí ọ̀dá tó dé ni ó yẹ kí a ti di ọ̀kan.