Ọmọ Tí Ara Rẹ̀ Kọ Ẹ̀pà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ibà tàbí ti ìgbẹ́ gbuuru tí ó ti mọ́ wa lára. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí oúnjẹ tí gbogbo ará ilé ń jẹ ní àjẹgbádùn lè pa láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìyá kan gbé ọmọkùnrin rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta wá sí dìsípẹ́ńsárì tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ètè ọmọ náà wú, ara ń yún un, ó sì wú ní kókó ní kókó. Mo fún un ní Piriton. Nígbà tí ó tó bíi wákàtí kan, ara rẹ̀ rọlẹ̀, mo sì ní kí wọ́n máa lọ sílé. N kò béèrè ohun tí ọmọ jẹ kí ó tó wú. Ẹ̀bi mi ni, n kò sì tíì gbàgbé rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n tún gbé e dé, ìyá rẹ̀ ń sunkún, ìyá àgbà ń sáré tẹ̀ lé e. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ ti bì lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà, ohùn rẹ̀ há, èémí rẹ̀ ń dún bí fèrè, ojú rẹ̀ sì ń yí. Epo pupa wà ní gbogbo àgbọ̀n rẹ̀, nítorí ìyá àgbà ti rọ ọ́ sí i lẹ́nu kí májèlé lè jáde. Mo gún un ní abẹ́rẹ́ àdìrẹnálíìnì ní itan. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó fi igbe ta, igbe náà sì dùn mọ́ mi létí ju orin lọ. Nígbà náà ni mo tó béèrè. Dànkúwà tí ará ilé kejì fún un ni ó jẹ. Ti ìṣáájú ńkọ́? Gààrí tí wọ́n fi ẹ̀pà mu ni. Ọsibítù ńlá tí a fi í ránṣẹ́ sí dá a dúró di ọjọ́ kejì, nítorí pé àìsàn yìí lè lọ kí ó tún padà wá lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Kí ló ń fà á? Nínú ara ẹni kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọlọ́dẹ wà tí ń bá kòkòrò àrùn jà. Ní ara àwọn ọmọ kan, ọlọ́dẹ yìí a máa ṣi àlejò pè ní olè. Bí ẹ̀pà bá ti wọlé, yóò fọn fèrè, gbogbo ara yóò sì dìde ogun: awọ yóò wú, ọ̀nà ọ̀fun yóò fún, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní í ní agbára mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Faransé kan, Charles Richet, àti Paul Portier ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fún irú ogun yìí lórúkọ ní 1902, Richet sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1913. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé àjẹ́ ilé bàbá ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn àgbàlagbà sinmi.

Kì í ṣe ẹ̀pà nìkan. Ẹyin, wàrà, ẹja, edé, akàn, kaṣú, oró oyin, àní abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì pàápàá lè ṣe é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ara tí ó bá sú ni ti oúnjẹ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí ìwé mi yìí gba ẹyin lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Dókítà ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìṣọ́ra nínú ilé ni iṣẹ́ pọ̀ sí, nítorí ẹ̀pà a máa fara pamọ́. Ó wà nínú ata tí wọ́n fi ń yí súyà, nítorí kúlíkúlí lílọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ó lè wà nínú òróró ẹ̀pà tí a fi ọwọ́ fún nílé. Ṣíbí tí a fi bu dànkúwà, tí a wá fi ro ẹ̀kọ ọmọ, ó tó láti dá wàhálà sílẹ̀.

Bí ọmọ bá jẹ nǹkan tí ara rẹ̀ wú, tí ó tún ń bì, tàbí tí èémí rẹ̀ ń dún, tàbí tí ó ń dákú, ẹ má dúró wo ohun tí Piriton yóò ṣe. Piriton lè dá yíyún dúró, kò lè ṣí ọ̀nà ọ̀fun. Àdìrẹnálíìnì nìkan ni oògùn àkọ́kọ́, ní ẹ̀gbẹ́ itan, a sì lè tún un gún lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún bí kò bá rọlẹ̀. Nígbà mìíràn, awọ kì í tilẹ̀ wú rárá. Ẹ má ṣe rọ epo, omi tàbí àgbo sí ẹnu ẹni tí kò lè mí dáadáa. Ẹ má ṣe pọ̀n ọ́n, ẹ má sì jẹ́ kí ó rìn: ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga; bí mímí bá le fún un, kí ó jókòó, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ nà. Ọmọ tí ó ní ikọ́ fée pẹ̀lú, ewu tirẹ̀ tún pọ̀ sí i.

Abẹ́rẹ́ kan wà tí a ṣe bíi kálámù, tí òbí lè fúnra rẹ̀ tẹ̀ mọ́ itan ọmọ. Kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, owó rẹ̀ sì gọbọi. Bí ẹ bá rí i rà, ẹ má ṣe fi síbi tí oòrùn ń pa, bí oògùn inú rẹ̀ bá sì ti pọ́n, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ̀yin tí ẹ kò rí i, ẹ lọ béèrè ní ìsinsìnyí, kí ó tó di òru, pé ọsibítù wo ní àdúgbò yín ni ó ní àdìrẹnálíìnì tí ó sì ń ṣí ní òru.

Àwọn ìyá mìíràn ti bi mí bóyá kí wọ́n kúkú má fún ọmọ ọwọ́ ní ẹ̀pà rárá. Rárá o. Ní 2015, àwọn dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù jábọ̀ lórí ọmọ 640 tí ara wọn lè kọ ẹ̀pà. Nínú 100 tí wọn kò fún ní ẹ̀pà, bíi 17 ni ara wọn kọ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n pé ọdún márùn-ún. Nínú 100 tí ó ń jẹ ẹ́ láti kékeré, bíi 3 péré ni. Kí a lọ̀ ọ́ kúnná sínú ẹ̀kọ ni o, nítorí odindi ẹ̀pà lè há ọmọ lọ́fun. Ọmọ tí awọ rẹ̀ ń sú púpọ̀ tàbí tí ó ti wú rí, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà.

Ohun tí ó fún ìyá ọmọ wa yìí ní wàhálà jù ni ìyá àgbà, tí ń sọ pé, “Ìwọ náà jẹ ẹ̀pà dàgbà, kí ló dé tí ọmọ tìrẹ kò ní í jẹ ẹ́?” Mo ṣàlàyé títí, kò wọlé. Lọ́jọ́ kan mo ní, “Ìyá, èèwọ̀ ọmọ yìí ni.” Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, kí ló dé tí o kò ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí?” Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé kúlíkúlí kọjá ẹnu ọ̀nà wọn. Àwọn mìíràn lè sọ pé kò yẹ kí nọ́ọ̀sì sọ bẹ́ẹ̀. Èmi kò rí irọ́ kan níbẹ̀.

Ọmọ náà ti wọ ilé ẹ̀kọ́ báyìí. Olùkọ́ rẹ̀ mọ̀, ìyá olóúnjẹ ẹnu géètì mọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ti ń kọ oúnjẹ tí kò mọ ẹni tí ó sè é. Ní oṣù tó kọjá, ó bi mí léèrè pé, “Màmá nọ́ọ̀sì, kí ni èèwọ̀ tiyín?” Mo ní oorun ọ̀sán ni.